Mo já wálẹ̀ láti kílò 104 sí 81, ó ti ń padà bọ̀, ẹ gbà mí o

Ìyá Tólú
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lọ́dún tó kọjá kílò 104 ni mí, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọjú, orúnkún mi òsì ò sì jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa mọ́. Mo wá mú un le. Mi ò jẹun alẹ́, oṣù méje gbáko mi ò fọwọ́ kan ẹ̀bà, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja ṣáá, kílẹ̀ tó mọ́ mo ti ń rìn láti Bódìjà lọ dé Sẹ́kitéríàtì. Mo dé 81. Ẹ ẹ̀ bá rí mi!

Mo kó léèsì mẹ́ta lọ fún télọ̀ mi pé kó bá mi gbà á wọlé. Ó gbà á wọlé lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo yí aṣọ sódì ni mo rí i pé kò gé ìyókù dànù, ó ká a sínú ó fi ọwọ́ rán an gbàà-gbàà, ó ní "Màmá, mo fi síbẹ̀ ni o, torí ọ̀la." Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sanwó ẹ̀.

Ọ̀la ti dé báyìí o. 88 ni mo wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò sì jẹun tó bí mo ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra, ebi ṣáá ló ń pa mí, aago mẹ́wàá alẹ́ ẹ máa bá mi lẹ́nu fíríìjì bí olè. Ìyá mi náà ò ràn mí lọ́wọ́, nígbà tí mo fọn ó ní ṣé àìsàn ni àbí ọkọ mi ò fún mi lówó oúnjẹ, tí n bá ti débẹ̀ á máa bu iyán kún àwo mi. Ṣé kí n tún padà sí àìjẹun yẹn ni?

Ìyá Ìbejì
Ẹ wá tíì tó ń fọ inú rà, ẹ máa mu ún lálẹ́. Kílò mẹ́rin lọ lára mi lọ́sẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní
Ìyá Ìbejì ẹ má bínú o, àmọ́ omi àti ìgbẹ́ lẹ ṣu dànù yẹn, kì í ṣe ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá ti mu omi padà á padà wálé.

Ìyá Tólú, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ara ò mọ̀ pé torí orúnkún àti léèsì lẹ ṣe fọn, ohun tóun mọ̀ ni pé ìyàn ti mú nílùú. Leptin, ìyẹn họ́mónù tí ọ̀rá fi ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà ní àká, á lọ sílẹ̀, ghrelin tó ń pe ebi á gòkè. Wọ́n yẹ èèyàn 50 wò ní Australia, ìwádìí yẹn jáde ní 2011, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ti fọn ebi yẹn ò tíì rọlẹ̀. Èyí tó tún jáde ní 2016 nípa 14 nínú àwọn tó ṣe ìdíje fífọn lórí tẹlifíṣọ̀n l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 6 ohun tí ara wọn ń jó lójúmọ́ ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) dín sí ohun tó yẹ kó máa jó. Ẹ rí i pé kì í ṣe wọ̀bìà ló ń ṣe yín. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni kílò 81 ò nílò oúnjẹ tó tẹni 104, bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ má padà sí àìjẹun. Ẹran ara tó yẹ kẹ́ ẹ fi máa rìn gan-an ló máa ń bá a lọ. Ẹ jẹun lásìkò, kí ẹ̀wà, ẹyin àbí ẹja wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa wò ó bóyá ẹ ṣì máa dúró lẹ́nu fíríìjì. Kẹ́ ẹ sì lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Èmi abẹ́rẹ́ ni mo gbà, semaglutide. Ebi kàn fò lọ ni, mo máa gbàgbé oúnjẹ sórí tábìlì! Ìgbà tí insurance ò sanwó ẹ̀ mọ́ mo dá a dúró, oṣù mẹ́wàá péré púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ nù ti padà. Mo rò pé èmi nìkan ni, àṣé wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀, láàárín ọdún kan tí wọ́n dá a dúró, àwọn èèyàn gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù padà. Tórí náà ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó ti mọ̀ pé ó lè pẹ́ lára òun.

Ibí náà ni wọ́n ti ní National Weight Control Registry, láti 1994 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó sọ ó kéré tán 30 pounds (bíi kílò 14) nù tí wọ́n sì dì í mú fún ọdún kan, wọ́n ti lé ní 10,000. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fọn ò jọra rárá, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ń jẹun àárọ̀, wọ́n ń wọn ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi bíi wákàtí kan lójúmọ́ rìn àbí ṣe eré ìdárayá.

Alájì Kẹ́míkà
Ooto ọ̀rọ̀. Kílò 19 ni mo sọ nù ní 2019, mi ò tíì gbà á padà. Mo ń jẹ ẹ̀bà o! Agolo mílíìkì kan gààrí ni mò ń wọ̀n, ó máa tó ìkúùkù mi, wọn ò gbọdọ̀ rò ó sínú abọ́ ńlá torí tó bá ti wà nínú abọ́ ńlá ta ló fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀fọ́ ló máa pọ̀. Gbogbo Jímọ̀ tí mo bá kírun tán mo máa ya ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì, mo máa gun síkéèlì ẹ̀. Tó bá ti fi kílò méjì lé, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo máa dá máltì àti búrẹ́dì dúró, mi ò ní dúró dìgbà tó bá di mẹ́wàá. Tí n bá ń lọ sóde, mo máa jẹ mọ́ínmọ́ín nílé kí n tó jáde.

Àwẹ̀ nìkan ló ń bá mi jà, ẹ ò ní gbà gbọ́, inú Ramadan ni mo máa ń sanra. Sààrì kún inú, ìgbà ìṣínu àkàrà, ẹ̀kọ gbígbóná, èso dàbínù, lẹ́yìn náà oúnjẹ gidi wá dé.

Ìyá Tólú
Háà, Alájì, àìjẹ ẹ̀bà oṣù méje yẹn gan-an ló ń lé mi kiri báyìí. Ọjọ́ tí mo máa padà jẹ ẹ́, ẹni tó rí mi á rò pé ẹ̀wọ̀n ni mo ti dé. Mo ti wá agolo. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ìfúnpá mi ti lọ sókè díẹ̀, màá lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ti ìyá mi ló kù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ẹ ní kí mọ́mì bu ọbẹ̀ kún un dípò iyán, inú wọn á dùn pé ẹ gbà nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Tólú
Ìyẹn dáa. Léèsì wá ńkọ́? Ìyàwó àbúrò mi ń ṣe ìsọmọlórúkọ lóṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní
Ẹ tú ẹyọ kan, ẹ fi méjì sílẹ̀ 😂

Ìyá Tólú
Mo ti pe télọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni títú.