Báwo ni ẹni tí kì í mutí púpọ̀ ṣe lè mọ wísíkì kan yàtọ̀ sí òmíràn?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. N kì í mutí púpọ̀: ife kan ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bóyá méjì bí àlejò bá wà nílé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti fi bíà sílẹ̀ tí mo gba wísíkì mú, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé mò ń mu ún láìmọ ohun tí mò ń mu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ràn Jameson ju Johnnie Walker Black Label lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé ti àkọ́kọ́ kì í ta mí lọ́fun tó ti èkejì.

Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan tó ń tajà rọ̀ mí pé kí n gbìyànjú wísíkì erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì, mo sì ra ìgò kan ní ìlọ́po méjì owó tí mo máa ń ná. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò ní ọsibítù ló kọ́kọ́ wọ̀ mí nímú, èéfín igi tútù sì tẹ̀ lé e. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, mo dé e padà, láti ìgbà náà ló sì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó kún dé ọrùn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Níbo gan-an ni ìyàtọ̀ inú àwọn ọtí wọ̀nyí ti ń wá? Ṣé iye ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò ni ká máa wò ni? Báwo sì ni èèyàn bíi tèmi, tí ìgò kan ń bá dé oṣù mẹ́ta, ṣe lè fi wọ́n wé ara wọn láìkó ìgò mẹ́wàá jọ sílé?

Èsì láti ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Glasgow

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, nítorí náà jẹ́ kí n pè ọ́ ní àbúrò. Má ṣe da ìgò náà nù, má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tó yẹ kí o parí sí ni o ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe irú wísíkì ilẹ̀ Skọ́tlándì tí wọ́n ń pè ní malt. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi hù, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ọkà bàbà tí wọ́n bá fẹ́ fi pọntí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ́ kí híhù náà lè dúró. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́ yìí gan-an ni òórùn tó lé ọ sẹ́yìn ti wọlé. Igi ìdáná kò pọ̀ ní Islay, àmọ́ àbàtà wà níbẹ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ, ewéko tó sì ti ń jẹrà sínú àbàtà náà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá ti di ilẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní peat, èyí tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń fi dáná sábẹ́ ọkà. Èéfín rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ èèpo ọkà, kì í sì í kúrò níbẹ̀ mọ́, àní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà, tí ó sì ti lo ọdún mẹ́wàá nínú àgbá. Laphroaig, Lagavulin àti Ardbeg, àwọn ilé ìpọntí tí wọ́n tò sí etíkun gúúsù erékùṣù náà, lókìkí gan-an fún un. Síbẹ̀, Bunnahabhain, tó wà ní Islay kan náà, kì í sábà fi èéfín sí tirẹ̀, nítorí náà orúkọ erékùṣù nìkan kò tó láti fi ra ọtí.

Ní ti fífi wọ́n wé ara wọn, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni pé mo ṣíwọ́ mímu wọn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ahọ́n kì í rántí ohun tó tọ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbé ife mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o bu ìwọ̀n ṣíbí tíì mẹ́ta péré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Jameson, Glenlivet ọlọ́dún 12, tí í ṣe malt Skọ́tlándì, àti Black Label. Ife tí ẹnu rẹ̀ há ju ikùn rẹ̀ lọ ló dára, torí ó máa ń kó òórùn jọ. Ife wáìnì tó wà nílé rẹ náà yóò ṣe é. Má ṣe ti imú bọ inú rẹ̀. Gbé e sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ya ẹnu díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí òórùn náà gòkè wá bá ọ. Bí o bá fà á símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, títa rẹ̀ nìkan ni wàá mọ̀. Nígbà tí o bá ti tọ́ ọ wò, kán omi lásán sí i, ìlàjì ṣíbí, kí o tún gbóòórùn rẹ̀. Ọtí tó tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń ta imú débi pé kò ní rí nǹkan mìíràn gbọ́, omi díẹ̀ sì máa ń tú ohun tó wà lábẹ́ sílẹ̀.

Wàá rí i pé Jameson fúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é ní Midleton, nítòsí ìlú Cork ní Írẹ́lándì, nígbà tí ọ̀pọ̀ malt Skọ́tlándì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Glenlivet yóò mú òórùn èso ápù àti oyin wá. Black Label jẹ́ àpòpọ̀ malt àti ọtí ọkà mìíràn láti ilé ìpọntí púpọ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti pé ọdún 12. Bí o bá fara balẹ̀, wàá bá èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ pàdé ní ìparí rẹ̀. Èéfín yẹn ni ojú ọ̀nà rẹ sí Islay. Lọ́jọ́ kejì, bu ìlàjì ṣíbí nínú ìgò tí o dé padà sínú Glenlivet, kí o wo ohun tí yóò ṣe.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Ìlàjẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa èéfín tọ̀nà, àmọ́ èmi rò pé àgbá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Etí omi ni mo dàgbà sí, nínú ilé tí wọ́n ti ń pọn ògógóró. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń gbé ògùrọ̀ tó ti kan kaná nínú dúrọ́ọ̀mù, tí páìpù yóò gba inú omi tútù kọjá, tí ọtí yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ìyá mi á ta díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú iná, bí iná bá sì ṣe bù ú gbà ló fi ń mọ bó ṣe le tó. Ọtí náà máa ń mọ́ gaara bí omi òjò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wísíkì ṣe ń rí lọ́jọ́ tó bá jáde láti inú ìkòkò. Àwọ̀ wúrà tí ẹ ń rí lára rẹ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀, igi ló fún un.

Òfin Skọ́tlándì àti ti Írẹ́lándì ni pé ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá onígi kí wọ́n tó lè pè é ní wísíkì. Ní Skọ́tlándì, igi óákù nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ohun tí àgbá náà ti gbé rí ló wá ń ya ọmọ ìyá nípa. Èyí tó ti gbé bourbon, wísíkì àgbàdo ti Amẹ́ríkà, rí máa ń fún un ní fànílà àti oyin, èyí tó sì ti gbé sherry, wáìnì agbègbè Jerez ní ilẹ̀ Spéìn, máa ń fún un ní rẹ́sìnì, labídùn àti kànáfùrù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí dájú, ẹ gbé Glenmorangie Original, tí wọ́n tọ́ nínú àgbá bourbon, sẹ́gbẹ̀ẹ́ GlenDronach ọlọ́dún 12, tí wọ́n tọ́ nínú àgbá sherry. Ilẹ̀ olókè Skọ́tlándì ni àwọn méjèèjì ti wá, kò sí èéfín tí yóò rú yín lójú nínú èyíkéyìí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ dá ọtí lẹ́jọ́ ṣáá o, nítorí òfin ibẹ̀ gbà wọ́n láyè láti fi àwọ̀ ṣúgà jíjó sí i.

Nípa ọdún tí ẹ béèrè: nọ́ḿbà tó wà lára ìgò jẹ́ ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àgbá ní Skọ́tlándì ló ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, àwọn apọntí ibẹ̀ sì ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́dún 18 fi wọ́n: ọtí ti dín kù, owó sì ti há sínú ilé ìkó-ẹrù-pamọ́ fún ọdún gbọọrọ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò dùn mọ́ yín lẹ́nu. Mo ti mu èyí tó pẹ́ gan-an rí, tí igi ti bo ọkà mọ́lẹ̀, tó korò bíi tíì tí ewé rẹ̀ sùn sínú omi mọ́jú.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Òṣogbo ní Kentucky

Mo kí Ẹ̀gbọ́n àti Ìyá wa. Àgbá bourbon tí Ìyá sọ, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń lọ bá wọn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí àgbàdo tó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú ọkà bourbon, kí wọ́n sì rọ ọ́ sínú àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ di èédú. Nítorí pé tuntun ni àgbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́, wọn kò lè fi ṣe bourbon lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì tà á fún àwọn ará Skọ́tlándì. Èédú inú àgbá tuntun yìí ló ń jẹ́ kí bourbon dùn bíi ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná, kódà bí kò bá pẹ́ níbẹ̀.

Arákùnrin, ẹ fi Maker's Mark wé Bulleit. Ìdá 45 ni agbára àwọn méjèèjì, àgbàdo ló sì pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Àlìkámà ni wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́, ọkà rye sì ni wọ́n fi kún ti èkejì, ó sì pọ̀. Àlìkámà máa ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu, rye sì máa ń ta ahọ́n bí iyèré. Ọtí tí agbára rẹ̀ dọ́gba ló dára láti fi wéra, torí bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, líle yẹn lẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè kọjá rẹ̀ láìsọ. Jack Daniel's, tí gbogbo wa mọ̀ ní Nàìjíríà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú lẹ́rú ní Tennessee, Nathan Green tí wọ́n ń pè ní Nearest, ló kọ́ Jack Daniel, ẹni tó dá a sílẹ̀, ní iṣẹ́ ìpọntí nígbà tó ṣì kéré, òun náà ló sì di ọ̀gá apọntí rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó gba òmìnira. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó máa dárúkọ rẹ̀ fún àlejò. Ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀ ní gbangba. Bí ẹ bá ń tọ́ ọtí yẹn wò, ẹ wá èédú nínú rẹ̀: inú èédú igi maple ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ kó tó wọ àgbá.

Ẹ má fi yìnyín sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi wọ́n wéra, torí òtútù máa ń pa òórùn. Ẹ má sì ra odindi ìgò. Wọ́n ń ta ìgò kékeré tó gba sẹ̀ńtílítà 5, ìyẹn sì tó fún alẹ́ méjì.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀gbá Peckham

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì ti ṣe díẹ̀ nínú ohun tí ẹ sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé Glenmorangie wá, èmi ra ìgò kékeré ti GlenDronach, a sì lẹ bébà sídìí ife kí n má baà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí wọn po, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo mú GlenDronach: labídùn ni, bí ìgbà tí èèyàn ṣí páálí rẹ̀ nígbà ààwẹ̀. Òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú adùn bẹ́ẹ̀ wà nínú wísíkì. Jameson àti Black Label ni n kò lè dá mọ̀ yàtọ̀, àfìgbà tí mo kán omi sí wọn tí èéfín náà wá yọjú.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe, mo bu ìlàjì ṣíbí nínú ìgò Islay sínú Glenlivet. Èéfín náà kò jọ ti ọsibítù mọ́. Ó jọ ti ẹja tí màmá àgbà mi máa ń yan lẹ́yìnkùlé ní Abẹ́òkúta, tí oyin wà lẹ́yìn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bu Islay náà lásán, mo kán omi ṣíbí kan sí i, mo sì mu ún tán. Maker's Mark àti Bulleit ló kàn. Ọ̀rẹ́ mi ti gbà láti mú ọ̀kan nínú wọn wá.