Ìrírí wa pẹ̀lú ilé tí fóònù ń darí

Láti Ajah, Èkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ń béèrè bóyá àwọn nǹkan inú ilé tí fóònù ń darí yìí tó owó tí wọ́n ń pè é. Èmi ń lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹrù ọjà bá kún ọwọ́ mi, ìka kan ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki bá há mi mọ́, inú ọkọ̀ ni mo ti ń tan AC sílẹ̀ de ara mi.

Àmọ́ ẹ rántí 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí báǹkì pàápàá kò rí iṣẹ́ ṣe dáadáa. Iná NEPA wà nílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà, router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ń tàn wìnrìnwìnrìn, ṣùgbọ́n gílóòbù pálọ̀ kọ̀, kò tàn. Mo tẹ fóònù títí, àmì róbótó yẹn kàn ń yí ni. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé iná tó wà lórí wa yìí náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì?" Bẹ́ẹ̀ ni o! Àṣẹ tí mo pa lórí àga kò lọ tààrà sí ara gílóòbù. Ó ní láti kọ́kọ́ dé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lókè òkun, kó tó padà wá bá wa ní pálọ̀. Ìgbà tí ìyàwó mi pa súwíìṣì ara ògiri, tó tún tàn án, ni iná tó wá.

Ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu rárá. Inú rẹ̀ ló tọ́jú àmì ìka wa sí, bátìrì ló ń lò, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ onírin. Irú èyí ni kí ẹ rà. Sáfà ẹlòmíràn kì í ṣe ohun à ń gbẹ́kẹ̀ lé: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, sáfà Insteon, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú nǹkan inú ilé báyìí ní Amẹ́ríkà, kú lójijì, wọn ò sọ fún oníbàárà kankan tẹ́lẹ̀.

Láti London

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Màámi ń dá gbé ní Abẹ́òkúta. Kámẹ́rà tó ń lo sólà àti sim la fi síwájú ilé. Láàárọ̀, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin, màá rí wọn tí wọ́n ń gbálẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń kí kámẹ́rà náà, "Ṣé o ti jẹun?" Kò sí iye tí mo lè fi wé e.

Ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, àwòrán tó rí kẹ́yìn ló máa dúró lójú fóònù mi, bí ẹni pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nítorí náà, mo gba nọ́ńbà aládùúgbò wọn méjì, mo sì máa ń pè wọ́n.

Láti Òṣogbo

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Tí mo bá parí, mo máa ń yọ router kúrò lára iná níṣojú oníbàárà kí n tó gbowó, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó kú.

Ohun kan tún kù: gílóòbù mìíràn, tí NEPA bá mú iná wá láàjìn, fúnra rẹ̀ ló máa tàn yòò lójú ẹni tó ń sùn. Ọ̀pọ̀ app ló ní ibi tí ẹ ti lè yí i padà, kó máa wà bó ṣe wà kí iná tó lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní.