Àbọ̀ ìbéèrè mi: omi ikùn tí kì í hu kòkòrò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo béèrè níjọ́sí pé kí ló dé tí omi tó ń gbára jọ sínú ikùn àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ kì í hu kòkòrò àrùn kankan ní láàbù wa, nígbà tí neutrophil (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà) inú rẹ̀ ń ju 250 lọ nínú microlitre kan, tó fi hàn pé àrùn ti wọ inú omi náà.

Ìgò blood culture (ìgò tó ní oúnjẹ olómi tí kòkòrò àrùn fi ń hù) ló yanjú ẹ̀. Dókítà ń fa 10 ml omi ikùn náà sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an, kì í ṣe inú ike ìtọ̀ tí à ń lò tẹ́lẹ̀. Kòkòrò inú omi yìí kì í pọ̀, ẹ̀kán kan lórí agar (àwo oúnjẹ dídì tí a fi ń hu kòkòrò) kò lè rí i mú. Ìgò àkọ́kọ́ ti ṣú bí omi ògì kí n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì: E. coli! Klebsiella ló tẹ̀ lé e.

Gram stain (aró tí a fi ń wo kòkòrò lábẹ́ maikirosíkóòpù) tí ẹnìkan dábàá kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, kódà lẹ́yìn tí a yí omi náà nínú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ti gba ceftriaxone, oògùn apakòkòrò, kí wọ́n tó fa omi wọn ló kù. Tiwọn kò tíì hù. Àmọ́ neutrophil tó ga ti tó fún dókítà láti tọ́jú wọn. Ìgò náà sì wọ́n o. Ẹ ṣeun.