Ẹ̀yin tíṣà nọ́sìrì, kí la lè fi kọ́ ọmọ ní òǹkà àti álífábẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí pátákó?

Àǹtí Nọ́sìrì (Òkè-Fìà, Òṣogbo):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ 28 ló wà ní kíláàsì, ọmọ ọdún 4 sí 5, tíṣà 1, olùrànlọ́wọ́ 1. Wọ́n ń ka 1 dé 20 bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n mú ìdérí ìgò 7 wá, ẹ̀kúnwọ́ ni wọn yóò bù. E àti ẹ, o àti ọ, kò yàtọ̀ lójú wọn. Ògì la fi po amọ̀ ìṣeré, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti bu. Owó ohun ìṣeré olówó gọbọi kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ayò ló máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀kúnwọ́. Ẹ wá páálí ẹyin tó ń gba 30, èyí tí ìgbẹ́ adìyẹ kò sí lára rẹ̀. Ìlà 5 ló ní, ihò 6 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àlùmágàjí gé e ní ìlà méjì-méjì: ọpọ́n ayò 2 ti jáde, ihò 12 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì kọ́ wọn ní jíjẹ. Pínpín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìdérí 1, ihò 1. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹnu ọmọ máa ń sáré ju ọwọ́ rẹ̀ lọ: ìdérí kẹrin ṣì wà lọ́wọ́, ẹnu ti pe 6. Kí ìdérí ró "pọ̀" nínú ihò ná kí ẹnu tó pe nọ́ńbà. Tó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ kọ 1 sí 6 sínú ihò, kí wọ́n kó iye tó bá a mu sí i. Ìdérí 21 ni ìlà kan máa gbà. Ẹ ka 21 lé wọn lọ́wọ́. Tó bá ṣẹ́kù tàbí tí kò tó, ọmọ fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé òun ti ṣì í kà.

Ìdérí ìgò omi ni o, kì í ṣe ọmọ ayò gidi, ọmọ lè kì í bọ imú. Ẹ tún un kà kí wọ́n tó dìde.

Tíṣà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ògì yín bu torí omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ kò tó. Fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, òróró ṣíbí 2. Ẹ po fúláwà mọ́ iyọ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ máa ta omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ife 1 sí i díẹ̀díẹ̀. Ó lè má tán. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, fúláwà ló ń fẹ́, kì í ṣe òróró. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kàn án, iyọ̀ á ta á, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Amọ̀ yẹn náà lẹ máa fi kọ́ wọn ní ẹ. Kí ọmọ yí i bí okùn, kó fi tẹ "ké" sórí páálí, kó fi ṣóńṣó igi ìgbálẹ̀ ṣe àmì ohùn òkè. Ẹ pè é. Kó wá mú ẹ̀wà 1 tí ẹ ti fọ̀, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ e. Ó ti di "kẹ́". "Pé" á di "pẹ́", "owó" á gba ẹ̀wà 2, á di "ọwọ́". Ẹ má tíì mú "ilé" àti "ilẹ̀", torí ohùn náà yí padà níbẹ̀, ọmọ kò ní mọ èwo ló fa ìyàtọ̀.

Àǹtí Nọ́sìrì:
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ìlú aró la wà, ṣé wọ́n lè ṣe àdìrẹ?

Ọmọ Aláró:
Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbé aró gidi wọ kíláàsì, ó lè bó ọmọ lára. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi láfún ya, ni kí ẹ ṣe. Láfún ife 1, omi ife 4: ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ṣù, kí ẹ ro ó lórí iná, kó tutù pátápátá. Ìyẹ́ adìyẹ tàbí ìka ni kí wọ́n fi ya á sára aṣọ funfun olówùú. Ẹ sá a títí yóò fi gan. Ẹ wá fi fóòmù ta búlúù ìfọṣọ tí ẹ ti pò sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá rì í bọ omi, láfún á yọ́, gbogbo rẹ̀ á di búlúù. Tó bá gbẹ, ẹ fi ṣíbí ha láfún kúrò. Ẹ má fọ̀ ọ́, búlúù kì í dúró. Ara ògiri ni kí ẹ gbé e kọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pín ọmọ 28 yẹn sí ọ̀nà 4, méje-méje, ìṣẹ́jú 15 lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ 1 péré ni kó máa fọwọ́ kan láfún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró tì wọ́n. Kí omi àti ọṣẹ wà nítòsí.