Eja jogún Oja, síbẹ̀ Python ń kọ̀: kí ni mo ṣì kọ?

ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ètò ìṣirò owó fún àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ni mo ń kọ, èdè kọ̀ǹpútà Python 3.12 ni mo fi ń kọ ọ́.

```
class Oja:
    def __init__(self, oruko, iye):
        self.oruko = oruko
        self.iye = iye
    def owo(self, kilo):
        return self.iye * kilo

class Eja(Oja):
    akosile = []
    def __init__(self, oruko, iye, yiyan):
        self.yiyan = yiyan
    def ta(kilo):
        self.akosile.append(kilo)
        return self.owo(kilo)

e = Eja("aro", 3500, True)
e.ta(2)
```

Ó ní `Eja.ta() takes 1 positional argument but 2 were given`. Ẹyọ kan ni mo fún un. Ibo ni èkejì ti wá?

alágbẹ̀dẹ_kóòdù, Ìkòròdú:
Èkejì ni `e` fúnra rẹ̀. Bí o bá kọ `e.ta(2)`, `Eja.ta(e, 2)` ni Python ń pè, àyè kan ṣoṣo lo sì fi sílẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: `def ta(self, kilo):`. `self` ni àyè ti `e`.

Má tíì jó o. Tí o bá tún ìyẹn ṣe, `'Eja' object has no attribute 'iye'` ló kàn. Lóòótọ́ Eja jogún Oja, ṣùgbọ́n àwọn method (iṣẹ́ tí a fi `def` kọ sínú kíláàsì) ló bá nílé. `iye` kò sí lára kíláàsì (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan) Oja rárá. Ìgbà tí `__init__` Oja, method tó ń to nǹkan tuntun sílẹ̀, bá ṣiṣẹ́ ló ń fi í sára ẹja. `__init__` tí o kọ sínú Eja sì ti bo ti òbí mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Ìwọ ni kí o pè é, ní ìlà àkọ́kọ́ `__init__` Eja: `super().__init__(oruko, iye)`.

Tí o bá fẹ́ fojú rí i, tẹ `print(e.__dict__)` kí o tó pe `ta`. Yiyan nìkan ni yóò jáde.

ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣé, sà. Mo kọ `super().__init__(self, oruko, iye)`, ó tún ní òun ń retí 3, mo fún òun ní 4.

alágbẹ̀dẹ_kóòdù, Ìkòròdú:
Yọ `self`. `super()` ti gbé e dání.

etí_òkun, Àgbádárìgì:
Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ fo `akosile = []`, èyí tó burú jù lójú tèmi, torí kò ní pariwo. Ara kíláàsì ló wà, ìwé kan náà ni gbogbo ẹja jọ ń kọ sí. Ta àrọ̀ kílò 2, ta ẹpìyà kílò 5, kí o wo ti àrọ̀: `[2, 5]`. Gbé e wọ inú `__init__`: `self.akosile = []`.

Kí o sì ṣírò owó kí o tó `append` (fi kílò kún ìwé). Bó ṣe wà yẹn, bí `owo` bá kọ̀, ẹja tí kò tíì tà ti wọ ìwé.