Àbọ̀ rèé o: mo ti rí àwọn kọ́míìsì yẹn

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin tèmi. Mo bèèrè níjọ́sí pé ibo ni wọ́n ń pàtẹ kọ́míìsì (ìwé ìtàn aláwòrán) táwọn èèyàn fúnra wọn tẹ̀ ní convention, ìyẹn àpéjọ ńlá àwọn olólùfẹ́ kọ́míìsì, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń gba iwájú. Artist Alley, ìyẹn apá ibi táwọn ayàwòrán ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, lẹ ní kí n lọ, ibẹ̀ náà ni lóòótọ́, ẹni tó ya á gan-an ló jókòó ti tábìlì ẹ̀, wàá ṣí i wò, wàá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo ra olójú ìwé 24 kan tí wọ́n fi pín-ìn-nì dè láàárín (iye ojú ìwé irú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, torí bébà tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì di ojú ìwé mẹ́rin), ẹni tó yà á buwọ́ lù ú, ó tún ya ajá kékeré kan sí igun ẹ̀, íńkì ẹ̀ ò tíì gbẹ tí mo fi gbá a mú! Apá kejì ò tíì jáde ṣá. Mo ti rí ohun tí mò ń wá, ẹ jẹ́ ká pa á dé síbí.