Níbo ni mo ti lè yẹ ègúsí wò kí n tó kó o lọ sí Jámánì?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò mi ní Jámánì fẹ́ kí n máa kó ègúsí ránṣẹ́ sí òun láti Ìbàdàn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an pé oògùn kòkòrò lè wà nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fín sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mílígíráàmù 0.01 péré nínú kílò kan ni òfin wọn gbà.

Ẹni tó ta ègúsí fún mi búra pé òun ò fín nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú àpò kan, òórùn oògùn ló gbá mi nímú! Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù ò rùn, àmọ́ ṣé imú lè mọ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ta ló mọ yàrá àyẹ̀wò tí ìwé rẹ̀ yóò tẹ́ àwọn aṣọ́bodè Jámánì lọ́rùn? Kílò mélòó ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò? Ṣé inú gbogbo àpò ni kí n ti bù ú? Àwọn ọmọ àbúrò mi náà máa jẹ nínú rẹ̀ o.